Boeing 737-200 orí kọ̀ǹpútà: bàálù tí kì í tètè dáhùn

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń fi 737-800 ṣeré lórí kọ̀ǹpútà kí n tó ra 737-200 yìí. Dọ́là ni wọ́n ń tà á, owó náà sì dùn mí wọra. Torí pé irú rẹ̀ ni Nigeria Airways fi ń gbé àwọn bàbá wa kiri ni mo ṣe rà á, kò sí ìdí mìíràn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo já a mọ́lẹ̀. Ó ti mọ́ mi lára lórí 800 kí n kọ iye eré tí mo fẹ́, kí autothrottle máa ti ọ̀pá tó ń darí agbára ẹ́ńjìnnì síwá-sẹ́yìn fúnra rẹ̀, kí èmi káwọ́ gbera. Èyí kò ní irú ẹ̀. Mo ń bọ̀ wá balẹ̀ ní Ìkẹjà, mo ti fa ọ̀pá méjèèjì dé ìdí, mo wá wo eré: 118. Ó yẹ kó tó 130. Mo ti ọ̀pá síwájú, kò ṣe nǹkan kan. Mo tì í dé òpin. Abẹ́rẹ́ ń gòkè bí arúgbó tó ń dìde lórí àga, ilẹ̀ sì ti dé.

Nígbà tó yá, mo jókòó kà á: bíi ìṣẹ́jú àáyá méje ni JT8D, ẹ́ńjìnnì bàálù yìí, fi ń ti ìdí dé agbára kíkún. Ẹni tó ṣe é kò ṣàṣìṣe, bí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ṣe rí nìyẹn. Ní báyìí, mi ò kì í fa ọ̀pá dé ìdí mọ́ tí mo bá ti sọ táyà kalẹ̀. Mo máa ń jẹ́ kí flap, ìyẹn abala ẹ̀yìn ìyẹ́ tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, àti táyà fà á sẹ́yìn kí ẹ́ńjìnnì lè máa ríṣẹ́ ṣe, torí èyí tó ti ń ṣiṣẹ́ kì í pẹ́ dáhùn. Tí mo bá fẹ́ gbéra, mo ń tì í dé àárín, mo ń dúró kí méjèèjì dọ́gba, torí ọ̀kan lè ṣáájú èkejì, kí imú bàálù sì yà sígbó.

Ibi tó ti wú mi lórí jù ni aago EPR. Ó ń fi ìfúnpá afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì wé ti iwájú, iye yẹn la fi ń mọ agbára rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbéra nínú yìnyín láì tan ẹ̀rọ tó ń yọ́ ọ. Ihò iwájú dí, EPR ka iye tí mo fẹ́ gẹ́lẹ́, àmọ́ N1, aago tó ń sọ bí abẹ̀bẹ̀ iwájú ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí sí, wà nísàlẹ̀, bàálù sì ń wọ́ bí mólúè tó kó èrò àkúnya. Irú irọ́ yìí wà lára ohun tó pa èèyàn 78 ní Washington ní January 13, 1982, nígbà tí 737-200 ti Air Florida já sínú odò Potomac: aago ń ka 2.04, agbára gan-an kò ju bíi 1.70 lọ.

Ẹ̀sùn mi kò pọ̀. Ariwo reverser, ẹ̀rọ tó ń darí afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì síwájú kí bàálù lè dẹwọ́ eré lẹ́yìn tó bá balẹ̀, kò dún tó nínú kọ́kípíìtì, ìwé ìlò rẹ̀ sì gùn ju sùúrù mi lọ. Ti iná tí wọ́n mú lọ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo fẹ́ balẹ̀, mi ò ní gbé ìyẹn kà wọ́n lọ́rùn. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un.

Mo padà sórí 800 lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo tan autothrottle, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìyàwó mi ló wá bi mí pé kí ni mo di ọ̀pá yẹn mú fún.