BBC Learning English àti Gẹ̀ẹ́sì Ọjọ́ tí Iṣẹ́ Bá Falẹ̀

Ní ọjọ́ tí ọjà bá dé lásìkò, Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé girama tó láti fi bá oníbàárà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí kọ̀ǹténà bá há sí Àpápá, tí àwọn aṣọ́bodè kò tíì fọwọ́ sí ìwé, tí oníbàárà sì ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ni ènìyàn máa ń mọ̀ pé àkànlò èdè ni àwọn òyìnbó fi ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: wọn á ní iṣẹ́ ti "hit a snag" (ó ti bá ìṣòro pàdé), tàbí pé ẹnìkan ti ju "spanner in the works" (ó ti da iṣẹ́ rú). Ojú ẹni tó nílò irú Gẹ̀ẹ́sì yìí ni mo fi wo BBC Learning English, ètò ìkọ́ni tí BBC ti ń ṣe láti ọdún 1943, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Abala kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní The English We Speak. Ètò kọ̀ọ̀kan kì í ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ: àwọn olóòtú méjì yóò fi àkànlò èdè kan ṣe àwàdà, wọn yóò ṣàlàyé rẹ̀, wọn yóò sì fi gbólóhùn díẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n máa ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ẹni tí dátà rẹ̀ kò pọ̀ lè kà á láìgbọ́ ọ. Ní tèmi, àwàdà náà máa ń gùn jù, ẹni tó bá sì ń wá kìkì èyí tó jẹ mọ́ ìdádúró ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣà á láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ tí kò jẹ mọ́ ọn.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó jù ni pé irú ẹ̀kọ́ kúkúrú bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ẹni tí ènìyàn lè sọ ọ̀rọ̀ náà sí. Ẹ wo "back to the drawing board" (ká padà lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀). Inú àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan tí ìwé ìròyìn The New Yorker gbé jáde ní ọdún 1941 ni ó ti di olókìkí: ọkọ̀ òfuurufú ti já lulẹ̀, ẹni tó ya àwòrán bí a ṣe máa kan ọkọ̀ náà sì ká ìwé rẹ̀ mọ́ abíyá, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀rín ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ náà títí dòní. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni níbi iṣẹ́ lè bá ni rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n oníbàárà tó ti sanwó, tí kò sì tíì fojú kan ọjà, kò ní rẹ́rìn-ín. Ní ti "bottleneck" (ibi tí iṣẹ́ ti há), kò sí ẹ̀fẹ̀ nínú rẹ̀. A lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. "Eleventh hour" (ìgbà tí àsìkò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán) kò sì ní ṣe àjèjì sí ẹni tó bá ti ka Mátíù orí 20, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn alágbàṣe wákàtí kọkànlá inú Bíbélì gba owó wọn pé, èyí tí kò dájú fún ẹni tó bá fi iṣẹ́ oníbàárà falẹ̀ di ìgbà náà.

Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ràn eré inú rédíò wọn tó ń jẹ́ English at Work jù. Anna ni ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń ta èso oníke (ta ni ń ra irú ọjà bẹ́ẹ̀ ná?), a sì ń gbọ́ bí ó ṣe ń bá ọ̀gá, ẹlẹgbẹ́ àti oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kì í ṣe àkànlò èdè ni wọ́n dojú kọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí í yọ obì lápò ni: bí a ṣe ń tọrọ àforíjì, bí a ṣe ń ṣàlàyé láìdá ẹlòmíràn lẹ́bi, àti irú ohùn tó yẹ ká fi sọ ọ́. A tún máa ń ka àwọn gbólóhùn pàtàkì náà fún olùgbọ́ ní ìparí.

Kí ẹni tí oníbàárà rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà ṣọ́ra, torí Gẹ̀ẹ́sì Bìrìtìkó ni BBC fi ń kọ́ni. Bí ará Lọ́ńdọ̀nù bá ní kí a "table" ọ̀rọ̀ kan, ó fẹ́ kí a jíròrò rẹ̀. Bí ará Amẹ́ríkà bá sọ bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ kí a gbé e tì ná. Irú àṣìgbọ́ bẹ́ẹ̀ nìkan lè fi ọ̀sẹ̀ kan ṣòfò.

Kò sí olùkọ́ nínú àwọn ètò wọ̀nyí tí yóò yẹ lẹ́tà tí ènìyàn fúnra rẹ̀ kọ wò, nítorí náà ẹni tó ń kọ̀wé sí oníbàárà lójoojúmọ́ ṣì nílò ẹni tí yóò máa bá a tún un ṣe. Kí ó fi English at Work bẹ̀rẹ̀, kí The English We Speak sì tẹ̀ lé e.