Táàbù Tafàtafà: Rọ́bà àbí Okùn, Èwo Ló Ń Dúró Lọ́wọ́?

Táàbù ni awọ pẹlẹbẹ tí tafàtafà fi ń bo ìka mẹ́ta tó fi ń fa ọsán, ìyẹn okùn ọrun. Ara kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ní: awọ ìpele méjì tàbí mẹ́ta, irin àlùmíníọ́mù tó ń jókòó sí àtẹ́lẹwọ́, àti èèkàn kékeré láàárín ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín, kí ìka méjèèjì má bàa fún ìdí ọfà. Ohun tó so ó mọ́ ìka àárín ló yàtọ̀, ibẹ̀ ni wàhálà sì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Oní-rọ́bà rọrùn láti wọ̀, ọmọdé lè dá a wọ̀. Ó tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé díẹ̀díẹ̀ ni rọ́bà ń nà, táàbù á ti máa yí lórí ìka kí ẹni tó wọ̀ ọ́ tó fura. Àwọn kan á ta á ní kókó kó lè kúrú, kókó ọ̀hún á sì máa gún wọn níka. Ẹ kúkú pààrọ̀ rẹ̀. Ti aláwọ lásán tó ní ihò tí ìka ń gbà kọjá ńkọ́? Bí ihò yẹn bá ti fẹ̀, kò sí ohun tí ẹ lè fi fún un mọ́.

Olókùn la fọwọ́ sí. Okùn tínrín tí kì í nà ló ní, pẹ̀lú ìdè kékeré onísípíríǹgì tí ẹ máa tẹ̀ kí okùn tó lè yọ̀. Ẹ ti ìka àárín bọ inú rẹ̀, kí okùn wà láàárín gbòǹgbò ìka àti oríkèé tó tẹ̀ lé e, kó má gun oríkèé. Ẹ fi ìka kọ́ ọsán, ẹ fà á díẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fún okùn, torí ìka tó ká kò rí bí ìka tó nà gbọọrọ. Ẹ wá dorí ọwọ́ kodò, kí ẹ gbọ̀n ọ́n. Kò gbọdọ̀ yọ̀, àmọ́ bí ẹ bá fi àtàǹpàkò kejì tì í, kó lè mira díẹ̀. Bí orí ìka bá ń kú tipiri, ó ti há jù. Ẹ má fún un bí ẹni di ẹrù: okùn kàn ń gbà á kó má jábọ́ ni, ọsán fúnra rẹ̀ ló ń tẹ awọ mọ́ ìka.

Lẹ́yìn bí ọfà mélòó kan, ẹ wo ojú awọ. Ìlà kan ṣoṣo tó gún régé ló yẹ kí ọsán fà síbẹ̀. Bí ìlà bá di méjì, tàbí tó dagun, táàbù ń yí nìyẹn.

Kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi okùn nìkan, o. Síkúrù tó dẹ̀ máa ń jẹ́ kí irin mì lábẹ́ awọ, ẹ ó sì máa fún okùn lásán. Sípánà onígun mẹ́fà ni ẹ nílò. Awọ tó gùn jù máa ń kọ́ ọsán nígbà tí a bá tú u, á sì fa táàbù kúrò níbi tó wà. Ẹ gé e, mìlímítà kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún ta kí ẹ tó gé òmíràn, torí awọ tí a gé kò ṣeé dá padà. Táàbù tó ní pèpéle, ìyẹn ìtẹ́ kékeré tó ń wà lábẹ́ àgbọ̀n bí a bá fa ọsán, tún ní wàhálà tirẹ̀: bí okùn bá dẹ̀, egungun àgbọ̀n ló máa ń tì í yí.

Àléébù tí olókùn ní ni òógùn. Ó ń mú kí okùn máa yọ̀ nínú ìdè. Ẹ ta kókó kékeré sẹ́yìn ìdè náà, kí ẹ fi iná jó ẹnu okùn ọ̀rá kó má tú. Ẹni tó bá ń lọ ìdíje, kó mú táàbù kejì dání, èyí tí ọsán ti fàlà sí lójú. Awọ tuntun máa ń le.