Ọ́fíìsì nínú ilé Georgian tàbí nínú ilé ìgbàlódé: èwo ni kí ẹ rà ní London?

Ẹ̀yin tí háyà ọ́fíìsì ti sú ní London, tí ẹ fẹ́ ra tiyín, irú ilé méjì ni àwọn ejẹ́ńtì sábà máa ń kó síwájú yín. Àkọ́kọ́ ni òkè kan nínú ilé gogoro tí wọ́n kọ́ láti nǹkan bí 1960 síhìn-ín. Ìkejì ni ilé Georgian tóóró, irú èyí tí wọ́n kọ́ fún ìdílé olówó láàárín 1714 sí 1830, tí wọ́n wá sọ di ọ́fíìsì. A ti ní ti àkọ́kọ́ rí. Inú ìkejì la wà báyìí.

Yàrá àti ìmọ́lẹ̀. Ilé ìgbàlódé máa ń rí gbalasa, ẹ lè to tábìlì bó ṣe wù yín. Nínú ilé Georgian, yàrá méjì ló sábà wà lórí òkè kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Òkè àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń gba àlejò láyé ọjọ́un, ìdí nìyẹn tí fèrèsé ibẹ̀ fi ga ju ti ibi yòókù lọ. Bí ẹ bá ṣe ń gòkè ni fèrèsé ń kéré sí i, títí dé òkè pátápátá tó jẹ́ ti àwọn ìránṣẹ́. Ẹ rìn yí Bedford Square ká, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1775, ẹ ó rí ètò yìí lójú ilé kọ̀ọ̀kan. Òkè àkọ́kọ́ yẹn ni kí ẹ fi ṣe yàrá ìpàdé. Ẹ tún yẹ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wò dáadáa: wọ́n sábà máa ń ká ìlẹ̀kùn pákó pamọ́ síbẹ̀, tí ọ̀dà ti lẹ̀ ẹ́ pa. Tiwa ṣì ń ṣí. Tá a bá tì í nírọ̀lẹ́ ìgbà òtútù, otútù àti ariwo mọ́tò á dínkù lẹ́ẹ̀kan náà.

Lífìtì. Ilé ìgbàlódé ló borí. Bí àwọn oníbàárà yín bá ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, ọ̀rọ̀ yìí nìkan lè parí àríyànjiyàn.

Owó àjọsan. Nínú ilé gogoro tá a wà tẹ́lẹ̀, wọ́n pààrọ̀ lífìtì, wọ́n pín owó rẹ̀ fún gbogbo wa, ẹnikẹ́ni ò sì bi wá léèrè. Nínú ilé Georgian tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ tiyín, ẹ̀yin lẹ máa pinnu ìgbà tí ẹ máa tún òrùlé ṣe.

Ọ̀rinrin. Ẹ yẹ àjà ilẹ̀ ilé Georgian wò. Ẹfun ni wọ́n fi mọ ògiri ayé ìgbà yẹn. Tí ẹnì kan bá ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, omi ò ní rọ́nà jáde.

Ìwé àṣẹ. Ibí ló gba owó lọ́wọ́ wa jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọ̀pọ̀ ilé Georgian ní London ló jẹ́ listed building, ìyẹn ilé tí ìjọba kọ sínú àkójọ pé ó ṣe pàtàkì nínú ìtàn tàbí iṣẹ́ ọnà ilé kíkọ́. Kì í ṣe ojú ìta nìkan ni òfin ń dáàbò bò, yálà Grade I ni, ìyẹn ipò tó ga jù, tàbí Grade II tó rẹlẹ̀ jù: àtẹ̀gùn, ìlẹ̀kùn, ibi ìyáná, ọnà etí àjà, gbogbo rẹ̀ ni. Lábẹ́ òfin 1990 lórí irú ilé bẹ́ẹ̀, ọ̀ràn ni kéèyàn yí wọn padà lọ́nà tó kan àbùdá ilé náà láìgba àṣẹ. Ẹni tó ṣe é ni kóòtù lè dá lẹ́bi, àmọ́ ẹni tó ni ilé lónìí ni káńsù lè pàṣẹ fún pé kó dá a padà sí bó ṣe wà. Kò sí iye ọdún tó lè kọjá kí ẹjọ́ náà kú.

Lẹ́yìn tá a rà á, a kọ̀wé sí káńsù pé a fẹ́ tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe. Òṣìṣẹ́ wọn dé, ó gun àkàbà, ó ṣí ọ̀kan nínú àwọn pákó àjà funfun tí ẹni tó ni ilé náà tẹ́lẹ̀ so mọ́ yàrá iwájú, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Ewé àti òdòdó tí wọ́n fi píláásítà ṣe lọ́nà ló yí etí àjà gidi ká, wọ́n sì ti fi òòlù la ihò káàkiri nínú rẹ̀ kí páìpù ẹ̀rọ amúlétutù lè kọjá. Lẹ́yìn ilé, wọ́n ti yọ fèrèsé onígi méjì, wọ́n fi oníke rọ́pò wọn. Kò síwèé kankan fún èyíkéyìí. A wá oníṣọ̀nà tó fi èyí tó ṣẹ́ kù ṣe àwòkọ fún èyí tó fọ́, àti káfíńtà tó mọ fèrèsé olókùn tó ní òjé nínú. VAT ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún tún wà lórí rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ wá orúkọ ilé náà nínú àkójọ Historic England, àjọ tó ń bójú tó ilé àtijọ́ ní England, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ gbogbo àṣẹ tó wà lórí ìkànnì káńsù jáde, kí ẹ mú un dání láti yàrá dé yàrá. Ẹ ṣí àjà tí wọ́n bá so. Ohunkóhun tó bá jẹ́ tuntun tí kò níwèé, kí ẹni tó ń tà á yanjú rẹ̀ tàbí kó yọ ọ́ kúrò nínú owó.

Ilé ìgbàlódé náà ní tiẹ̀: èyí tí wọ́n kọ́ ṣáájú 2000 lè ní asbestos, ohun èlò ìkọ́lé tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò rẹ̀.

Èwo wá ni? Bí ẹ bá pọ̀, tí ẹ fẹ́ jókòó pọ̀ sójú kan, tàbí tí ẹ máa kó lọ láìpẹ́, ilé ìgbàlódé ló yẹ yín. Bí ẹ kò bá pọ̀, tí ẹ fẹ́ pẹ́ níbẹ̀, tí ìwé sì pé, ẹ ra ilé Georgian. Tó bá tiẹ̀ wá ṣófo, ẹ kò ní san owó orí ilé tó ṣófo lórí listed building ní England. Ní tiwa, a ti dá fèrèsé onígi padà sí ẹ̀yìn ilé, a ò sì ní i lọ́kàn láti tà á.