Ọdún mẹ́ta pẹ̀lú Proxmox VE lórí sáfà kan ṣoṣo

Lẹ́tà méjì péré ló lé mi dé ìdí Proxmox, ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kan gbé ọ̀pọ̀ VM (kọ̀ǹpútà àfarawé nínú kọ̀ǹpútà gidi). Lẹ́tà náà ni st, èyí tó máa ń jókòó sí ìparí ìlà CPU nínú top, àṣẹ Linux tó ń fi iṣẹ́ ẹ̀rọ hàn. VM kan ni mo yá lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Tó bá ti di ọ̀sán, dátábéèsì mi á máa wọ́ bí ìgbín, bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi kò lo CPU tó nǹkan. Ọjọ́ tí mo fara balẹ̀ wo st ni mo bá 31 níbẹ̀. Ìyẹn ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, VM mi ń dúró fún 31, iṣẹ́ wà nílẹ̀ tó fẹ́ ṣe, àmọ́ àwọn aládùúgbò, ìyẹn VM àwọn oníbàárà mìíràn, ni ẹ̀rọ tó gbé e ń dá lóhùn. Ayálégbé ò lè tún òrùlé onílé ṣe. Mo kó ẹrù mi.

Sáfà àlòkù ni mo rà, core 16, mẹ́mọ́rì 64 GB, SSD méjì tí mo fi ZFS, ètò tó ń tọ́jú dísìkì, so pọ̀ kí ọ̀kan má bàa kú tì mí. Mo fi Proxmox VE 7 sí i. Orí Debian, irú Linux kan, ni wọ́n kọ́ ọ lé, KVM ló ń gbé VM, LXC ló ń gbé kọ̀ntánà (àpótí ètò tó fúyẹ́ ju VM lọ). Láti 2008 ló ti wà níta, ọ̀fẹ́ sì ni lábẹ́ ìwé-àṣẹ AGPL v3. Kò tó ìdajì wákàtí tí mo fi ṣí bíráúsà sí pọ́ọ̀tù 8006 tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àpótí kan á yọ pé o kò sanwó àtìlẹ́yìn. Tẹ OK, ó tán.

Ibi tí adùn rẹ̀ wà ni pé gbogbo ohun tó ń mú VM yá tàbí lọ́ra ló wà níwájú ẹ. VM àkọ́kọ́ tí mo gbé wọlé ṣì ń lo dísìkì IDE àti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì e1000. QEMU, ètò tó ń ṣe àfarawé ẹ̀rọ fún VM, ní láti máa díbọ́n bí ẹ̀rọ àtijọ́ ní gbogbo ìgbà tí VM bá fẹ́ ka nǹkan. Mo yí méjèèjì sí virtio, níbi tí VM ti mọ̀ pé inú VM lòun wà, tí kò sí ìdíbọ́n mọ́. Mo fi fio, ètò tó ń wọn eré dísìkì, wọ̀n ọ́n: dísìkì yá ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Mo tún yí irú CPU sí host, kí VM lè rí CPU gidi ti sáfà bó ṣe wà. Ẹ ṣọ́ra o: tí sáfà yín bá ju ọ̀kan lọ tí CPU wọn sì yàtọ̀, host lè má jẹ́ kí ẹ gbé VM tó ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀kan sí èkejì.

Àṣìṣe ńlá kan wà tó jẹ́ tèmi. Ní òru ọjọ́ kan, VM dátábéèsì kú fin-ín. Mo wo dmesg, àkọsílẹ̀ Linux: Out of memory: Killed process (mẹ́mọ́rì tán, ó pa ètò kan), kvm, ètò tó ń gbé VM náà, sì wà nínú àkámọ́. Báwo? 44 GB péré ni mo pín fáwọn VM nínú 64! ZFS ni mo gbàgbé. ARC rẹ̀, ibi tó ń kó ohun tó kà sí, lè gba ìdajì mẹ́mọ́rì tí o kò bá fi ààlà sí i, àṣẹ free tó ń fi mẹ́mọ́rì hàn kì í sì í kà á mọ́ buff/cache, nítorí náà ojú lásán ò rí i. Àṣẹ arc_summary ló tú àṣírí. Mo kọ zfs_arc_max sínú /etc/modprobe.d/zfs.conf, 8 GB, mo ṣe update-initramfs, mo tún sáfà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi Proxmox 8.1 tàbí èyí tó tuntun jù bẹ́ẹ̀ lọ sórí ẹ̀rọ báyìí yóò bá ààlà níbẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá mẹ́mọ́rì. Tèmi, láti 7 ni mo ti ń gbé e bọ̀.

Bákọ́ọ̀pù kò fún mi ní wàhálà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dá VM padà láti inú rẹ̀, ó dìde.

Tó bá jẹ́ ètò kékeré kan ṣoṣo lo fẹ́ gbé, Debian lásán tó ẹ.

Lóṣù tó kọjá, mo tún rí st nínú VM kan: 6. Mo wá onílé tó ń yọ mí lẹ́nu títí, àfi ìgbà tí mo ka vCPU (CPU àfarawé tí VM ń rí) tí mo ti pín: 40, lórí core 16. Mo ti dín in kù sí 24.