Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń ra bíìmù iwájú tuntun fún Beetle

Ẹ̀yin tó ń tún ẹsẹ̀ iwájú Volkswagen Beetle, ọkọ̀ ìjàpá, ṣe, ẹ dá owó yín dúró ná. Bíìmù ni irin onípáìpù méjì tó dábùú iwájú ọkọ̀, tó gbé ẹsẹ̀ iwájú dúró. Èyí tí wọ́n ń pè ní adjustable, tó ń rẹ iwájú ọkọ̀ sílẹ̀, ti di ọjà gbájúẹ̀. Bíìmù àlòkù tó ti dógùn-ún ni wọ́n ń mú. Ajórin á gé e láàárín, á jó irin mìíràn mọ́ ọn, á fi bọ́ndì, àtè tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀, dí ibi tó ti lu, á wá fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Ẹni tó ń tà á á ní tuntun ni.

Irọ́ tó kọ́kọ́ máa pa ni pé ó bá gbogbo Beetle mu. Rárá o. Beetle Jámánì tó ṣáájú mọ́dẹ́ẹ̀lì 1966, kingpin ni, ìyẹn píìnì irin tí ẹsẹ̀ táyà ń yí lé, àárín páìpù méjèèjì bíìmù rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 120. Ti bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tó tẹ̀lé e, èyí tí ẹsẹ̀ táyà rẹ̀ ń yí lórí bọ́ọ̀lù irin, jẹ́ 150. Beetle 1302 àti 1303 kò tilẹ̀ ní bíìmù, strut ni tiwọn, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì tí wọ́n so pọ̀ lóòró. Ẹ má fi ẹnu oníṣòwò ra ọjà, ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín páìpù òkè dé àárín ti ìsàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ìwọ̀n méjèèjì kò bá dọ́gba, ó ti wọ́, kò sí aláínmẹ́ǹtì tó lè tún un ṣe.

Inú páìpù gan-an ni ewu wà. Ìdì sípíríǹgì pẹlẹbẹ ló gba inú rẹ̀ kọjá, apá tó di táyà mú sì wà ní orí rẹ̀ méjèèjì. Síkúrù kan ló de apá kọ̀ọ̀kan, ẹnu síkúrù yẹn sì ń jókòó sínú kòtò kékeré tí wọ́n gbẹ́ sára sípíríǹgì. Tí wọ́n bá gé bíìmù kúrú, wọ́n gbọ́dọ̀ gé sípíríǹgì náà kúrú, kòtò àkọ́kọ́ á sì bá a lọ. Ó yẹ kí wọ́n gbẹ́ òmíràn, ṣùgbọ́n irin sípíríǹgì le, ẹnu dírílì lásán á kú lórí rẹ̀. Ohun tí ọ̀bàyéjẹ́ ń ṣe ni pé á kàn fún síkúrù mọ́ ojú irin tó tẹ́jú. Ọjọ́ tí táyà bá wọ gàlọ̀pọ̀, apá yẹn á yọ bí idà nínú àkọ̀, táyà á sì bá a lọ.

Nítorí náà, kí ẹni tó ń tà á tú apá kan lójú yín. Kí ó tú nọ́ọ̀tì, kí ó yọ síkúrù, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí ẹ wò ó bóyá kòtò wà lára sípíríǹgì. Lẹ́yìn náà kí ó fa gbogbo ìdì sípíríǹgì jáde, torí àwọn kan máa ń yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ọkọ̀ lè rọ̀, wọ́n á wá ki ègé kúkúrú bọ orí rẹ̀ kí ihò lè kún. Sípíríǹgì tí wọ́n bá ti jó níná, ẹ dá a padà, ó máa ṣẹ́.

Ẹ mi apá náà lókè-sódò. Bó bá ń gbọ̀n, béárínì ẹnu páìpù ti jẹ tàbí kò sí níbẹ̀, gíríìsì tó pọ̀ jù ni wọ́n fi bò ó.

Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ńkọ́? Ẹ̀rọ ìtẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ wọlé. Tí ihò apá bá ti fẹ̀, èyí tó tóbi díẹ̀ wà, àmì gígé méjì ló ń wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti jó irin yí i ká, ẹ sá. Iná ti yọ́ ike inú rẹ̀, ó sì ti ba apá náà jẹ́.

Ṣọ́ọ̀kì tó bá a wá náà: bí ọkọ̀ bá wálẹ̀, kúkúrú ló ń fẹ́. Èyí tó gùn bíi ti ilé iṣẹ́ á máa lu ìsàlẹ̀ títí ibi tí wọ́n so ó mọ́ á fi fà ya.

Fọ́tò kò tó. Ẹ pe ẹni tó ń tà á lórí fídíò, kí ó kọ orúkọ yín sórí ìwé, kí ó gbé ìwé náà lé bíìmù, kí ó yí ẹ̀yìn bíìmù síta, kí ó sì fi òòfà rìn ín látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Òòfà kì í lẹ̀ mọ́ bọ́ndì. Ẹni tó bá ní àfi kí ẹ san gbogbo owó kí òun tó gbé e fún awakọ̀ ní gáréèjì, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹni tó ti sanwó, kó tètè sọ fún báńkì rẹ̀, kó tọ́jú rìsíìtì àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ. Ní Nàìjíríà, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń gba ẹjọ́ oníbàárà. Bí bíìmù náà bá sì ti wà lábẹ́ ọkọ̀, tí ẹ ń gbọ́ kọ̀ọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì, tàbí tí táyà kan ti wọ inú jù èkejì lọ, ẹ má wa ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù.