Saikọ́lọ́jísìtì Wuse 2 tí kì í kí èèyàn ní 'pẹ̀lẹ́'

Màdáàmù saikọ́lọ́jísìtì yìí, tó ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ọkàn èèyàn ní Wuse 2, l'Abuja, mọṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí mo ṣì ń bọ̀ wá ráhùn.

Àyà jíjá ló gbé mi débẹ̀. Tí gosiló Nyanya bá ti mú mi láàárọ̀, ọkàn mi á máa lù kìkìkì, ọwọ́ á máa gbọ̀n, á dà bíi pé inú mọ́tò yẹn ni mo máa kú sí. Wọ́n yẹ ọkàn mi wò ní ọsibítù, wọ́n ní kò sóhun tó ṣe é. Ìyá mi ní Ìlọrin ti bẹ áàfáà lọ́wẹ̀ àdúrà. Dókítà tó yẹ̀ mí wò ló ní kí n lọ rí màdáàmù.

Kí wọ́n tó bi mí ní nǹkan kan, wọ́n sọ ara wọn fún mi: wọ́n kàwé gboyè nínú ẹ̀kọ́ ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá, wọ́n tún gba oyè kejì nínú ti ìtọ́jú aláìsàn, wọ́n sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà ní ọsibítù àwọn alárùn ọpọlọ kí wọ́n tó dá dúró. Wọ́n ní àwọn kì í kọ oògùn, pé tó bá di ti oògùn, àwọn á júwe dókítà ọpọlọ fún mi. Nínú Abuja tí ẹnikẹ́ni ti lè sọ ara rẹ̀ di agbaninímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀. Nígbà tí mo sọ ti áàfáà, wọn ò bá mi jà. Wọ́n ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, tó jẹ́ dókítà ọpọlọ, náà bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ọpọlọ Arò, l'Abẹ́òkúta, láti nǹkan bí ọdún 1954.

CBT (cognitive behavioural therapy) ni wọ́n ń lò, ìtọ́jú tó ń tún èrò àti ìhùwà ẹni ṣe, ọ̀nà tí Aaron Beck, dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ lẹ́yìn 1960. Bí wọ́n ṣe là á yé mi nìyí: ọkàn lù díẹ̀, èrò sọ pé ikú dé, ẹ̀rù bà mí, ọkàn tún lù sí i.

Ó kù kí n fojú ara mi rí i. Wọ́n fún mi ní sítíróò tín-ín-rín tí wọ́n fi ń mu jùúsì, wọ́n ní kí n di imú, kí n máa fi í mí fún ìṣẹ́jú kan. Kó tó pé, ọkàn ti bẹ̀rẹ̀.

"Mà, ó ti dé o!"

"Ẹ jẹ́ kó dé. Ẹ ṣáà máa wò ó."

Wọ́n jókòó, bírò lọ́wọ́, wọn ò kí mi ní pẹ̀lẹ́ rárá. Èmi tí pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, inú bí mi. Ṣùgbọ́n ó lọ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ohun tí mo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ àṣetiléwá: kí n wa mọ́tò gba Nyanya láìpe ìyàwó mi lórí fóònù, torí bí mo bá ń pè é, màá máa rò pé ìpè yẹn ló gbà mí.

Ìráhùn mi wá dé. ₦25,000 ni ìjókòó kan, adójútòfò ìlera ibi iṣẹ́ mi ò san kọ́bọ̀ níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wọn ń pariwo débi pé mo ní láti tún ọ̀rọ̀ aṣírí sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá fẹ́ kàn jókòó sunkún kí wọ́n máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kó má lọ, iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀.

Àyà mi ṣì máa ń já nígbà míì, àmọ́ mi ò páàkì sẹ́bàá títì mọ́. Tí ẹ bá máa lọ, ẹ tètè pè wọ́n, Sátidé wọn máa ń yára kún.