Ìléru induction àti ti microwave fún fáíbà kábọ́ọ̀nù: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ rà

Ìwé pélébé tí àwọn olùtajà ń pín ti sọ gbogbo ohun tó dùn ún gbọ́. Ẹ ti mọ̀ pé PAN (polyacrylonitrile, okùn oníke tó ń di fáíbà kábọ́ọ̀nù) ni à ń sun, pé inú náítírójìn ni, pé 1,400°C tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ohun tí ìwé yẹn kì í sọ ni ibi tí owó ti ń jò. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fa ìdì kan ṣoṣo, tó ní fọ́nrán 12,000 nínú, ni a ní lọ́kàn níbí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀ ná. Láti gbé kílò kan fáíbà láti tútù dé 1,400°C, iná tó ń wọ ara fáíbà fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bí 0.6 kWh lọ. Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ lè jẹ tó bẹ́ẹ̀ ní wákàtí kan. Gbogbo ìyókù tí ẹ ń sanwó rẹ̀, ògiri ìléru, ẹnu ọ̀nà méjèèjì àti náítírójìn tó ń gbé ooru lọ ló ń jẹ ẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń gbóná

Induction kì í fọwọ́ kan fáíbà. Kọ́ìlì bàbà tí iná ń gbà kọjá, tí omi sì ń ṣàn nínú rẹ̀ láti tù ú, yí ọ̀pá gíráfáìtì oníhò ká. Ọ̀pá yìí ló ń pọ́n, òun ló sì ń ta ooru sí fáíbà tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Fáíbà wà níbẹ̀ o, kò sí níbẹ̀ o, ọ̀pá náà ní láti máa gbóná, iná sì ń lọ síbẹ̀. Kí ẹ tó rà á, ẹ fi frequency rẹ̀ (iye ìgbà tí iná inú kọ́ìlì ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) wé nínípọn ara ọ̀pá: ní 3 kHz, agbára ń wọ gíráfáìtì tó bíi sẹ̀ǹtímítà 3, ní 10 kHz, bíi 1.6. Ọ̀pá tí ara rẹ̀ nípọn sẹ̀ǹtímítà kan péré lórí ẹ̀rọ 3 kHz, apá ńlá nínú agbára ń gba ara rẹ̀ kọjá lásán. Mítà á máa ka iná, ooru ò ní gòkè.

Ní ti microwave, ìgbì bíi ti ààrò microwave inú ilé ìdáná ló ń wọ fáíbà; fáíbà gan-an ló ń gbóná, ògiri irin rẹ̀ tutù. Ní 2.45 GHz, ìgbì ń wọ inú kábọ́ọ̀nù tó nǹkan bí 40 máíkírọ́ọ̀nù, fọ́nrán kan ò sì ju bíi 7 lọ, nítorí náà gbogbo ara rẹ̀ ló ń gbóná lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí ìwé, kò sí ohun tó lè bá a díje. Àmọ́ magnetron tó ń bí ìgbì yẹn ti sọ bí ìdá kan nínú mẹ́ta iná di ooru lásán kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ti 915 MHz sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó tóbi.

Ẹnu ìjáde microwave

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, torí òun ló ń gbọ́n àpò gbẹ.

Kí ìgbì má baà jáde, ọ̀pá irin tóóró ni wọ́n máa ń fi sí ibi tí fáíbà ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde. Ìgbì tí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12 kò lè gba ihò tóóró bẹ́ẹ̀, olùtajà á sì gbé mítà tó ń wọn ìgbì síbẹ̀ kí ẹ lè rí i pé nǹkan kan ò jò. Òótọ́ ni, níwọ̀n ìgbà tí ihò bá ṣófo. Níbi ìwọlé pàápàá kò sí wàhálà, torí fáíbà tó kàn dúdú láti inú ààrò afẹ́fẹ́ (níbi tí a ti kọ́kọ́ ń yan PAN nínú afẹ́fẹ́ kó tó dé ìléru) kì í gbé iná. Ibi ìjáde ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ ti di kábọ́ọ̀nù, ó ń gbé iná bíi wáyà. Wáyà láàárín, irin yí i ká: wáyà eríà tẹlifíṣọ̀n nìyẹn. Ìgbì á kàn gun ìdì fáíbà lẹ́yìn, á sì bá a jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Kì í ṣe mítà ló kọ́kọ́ ń fi hàn. Rólà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìjáde á bẹ̀rẹ̀ sí í ta iná pàràpàrà níbi tí fáíbà ti fara kàn án, fọ́nrán á máa já ní méjì mẹ́ta, ìdì tó ń dán tẹ́lẹ̀ á hu irun. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ tó ń wọn fífà okùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìkàkúkà, tí ẹ ó sì rò pé òun ló bàjẹ́. Nínú ìléru pẹ̀lú, fọ́nrán tó bá já máa ń nàró bí eríà, iná á ta láti orí rẹ̀. Bí rólà bá dúró lójijì tí magnetron ò kú pẹ̀lú rẹ̀, ibi tí ìgbì ti ga jù á gé ìdì sí méjì.

Àtúnṣe wà. Ẹ béèrè fún choke (ohun tó ń dá ìgbì padà lẹ́nu ihò) tó ní kòtò ẹ̀gbẹ́ tí jíjìn rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ìgbì, bíi sẹ̀ǹtímítà 3, kí ó tó mẹ́ta mẹ́rin léra wọn. Lẹ́yìn wọn, kí apá kan wà tí omi ń mu ìgbì tó bá ṣẹ́ kù. Kí wọ́n ri áàtì rólà mọ́lẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ẹ bá sì kúrò lórí ìdì 12,000 bọ́ sí 24,000, ẹ tún jíjò rẹ̀ wọ̀n: kò gbọdọ̀ kọjá 5 mW/cm² tí mítà bá jìnnà sí ẹ̀rọ ní sẹ̀ǹtímítà 5.

Ọ̀dà

Láti bíi 300 dé 700°C ni PAN ń tu ọ̀dà (ohun dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan), ámónià àti hydrogen cyanide, májèlé paraku. Nínú induction, ọ̀dà tó bá lẹ̀ mọ́ gíráfáìtì á di kábọ́ọ̀nù lórí kábọ́ọ̀nù; ẹ ó ha á kúrò. Nínú microwave, ara ọ̀pá quartz, irú gíláàsì tí fáíbà ń gba inú rẹ̀ kọjá, ló ń lẹ̀ mọ́, ó ń dúdú, ó ń gbé ìgbì mì, quartz á sì sán. Èyí ó wù kí ẹ rà, ìléru onírẹsísítọ̀ lásán (èyí tí wáyà gbígbóná ń mú gbóná) ni kí ẹ fi ṣe ìpele yìí, kí èéfín rẹ̀ sì gba inú iná tó ń jó o run.

Bí iná bá lọ

Kí á má parọ́ mọ́ microwave: bí iná bá lọ, fáíbà á tutù, ó parí. Induction ò rí bẹ́ẹ̀. Gíráfáìtì ṣì pọ́n, omi inú kọ́ìlì ti dúró, ooru á sì kọjú sí bàbà. Táǹkì omi tó ga ju ẹ̀rọ lọ, tó lè ṣàn láìlo pọ́ǹpù, pọn dandan. Náítírójìn náà kò gbọdọ̀ dúró títí gíráfáìtì á fi wá sísàlẹ̀ 400°C, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ á jẹ ẹ́. 

Wíwọn ooru: pyrometer (tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ohun tó pọ́n mọ ooru rẹ̀ láti òkèèrè) ni fún méjèèjì, thermocouple (wáyà tó ń wọn ooru) onírin kì í ṣe ohun à ń kì bọ inú microwave. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá 2,000°C, induction àti gáàsì argon dípò náítírójìn ni.

Ọ̀rọ̀ ìdajì iná

Àwọn olùtajà fẹ́ràn láti máa dárúkọ Japan tí wọ́n bá ń sọ pé microwave ń dín iná kù sí ìdajì. Lóòótọ́, ní oṣù kìíní 2016, NEDO (àjọ ìjọba Japan fún ìwádìí agbára àti ìmọ̀ ẹ̀rọ), Yunifásítì Tokyo, àti àwọn iléeṣẹ́ Toray, Teijin àti Mitsubishi Rayon kéde ọ̀nà tuntun tó ń lo microwave, tí yóò dín iná tí wọ́n ń lò kù sí ìdajì. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pààrọ̀ ohun tí wọ́n ń sun pẹ̀lú, tó fi jẹ́ pé kò sí ààrò afẹ́fẹ́ mọ́, ìyẹn wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 200 sí 300°C. Ẹni tó ra microwave tó ṣì ń lo PAN àtijọ́ kò tíì ra ìdajì yẹn.

Ilé ìwádìí tó ní onímọ̀ ìgbì lórí ìjókòó, tó sì ń tan ẹ̀rọ fún ogún ìṣẹ́jú kó tó pa á, á gbádùn microwave. Ẹni tó fẹ́ fa fáíbà láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé dé alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, gíráfáìtì ni kó gbà. Bí ó bá ṣì jẹ́ microwave lẹ fẹ́, ẹ mú ìdì fáíbà tó ti di kábọ́ọ̀nù dání lọ sọ́dọ̀ olùtajà, kí ó fi gba ẹnu ìjáde níṣojú yín, kí ó tan ẹ̀rọ, kí ó wá gbé mítà síbẹ̀.